Orin Tí Ìyé Àgbà Sọ Lórúkọ

Ìyé Àgbà kò fẹ́ràn kí ènìyàn bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá ní, "Ìyé Àgbà, ṣé kí n gbé omi kaná?" tí wọ́n sì dákẹ́, wọ́n ti dá ọ lóhùn nìyẹn. Bí o bá tún un béèrè, wọ́n á fa awò ojú wọn wá sórí imú, wọ́n á wò ọ́ látòkè délẹ̀, wọ́n á ní, "Dókítà, ẹ bá mi yẹ etí ọmọ yìí wò." Kò sí dókítà kankan nínú ilé wa.

Mo sọ èyí ṣáájú nítorí pé nínú ìwé ìsìn tí wọ́n pín níbi ìsìnkú wọn, "onísùúrù" ni wọ́n kọ sí i. Wọ́n tún kọ "ìyá rere" àti "olùkọ́", méjèèjì sì jẹ́ òtítọ́. Ti sùúrù yẹn ni mo rò pé àwọn fúnra wọn ìbá fi pẹ́ńsùlù pupa fà lábẹ́.

Ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n. Gbogbo Òkìtìpupa ló ń pè wọ́n ní Màmá Táípù, nítorí pé yàrá iwájú ilé wọn, lójú ọ̀nà tó lọ sí Igbodigo, ni ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ìlú ti kọ́ táípù. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ìsìn, ìwé ìfẹ̀sùnkàn lórí ààlà oko, ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Wọ́n ní àṣà kan tí kò yẹ̀: bí wọ́n bá tẹ iṣẹ́ kan tán, wọ́n á fi ìràwọ̀ kan, ìyẹn àmì ìràwọ̀ kékeré tó wà lórí táípù, parí rẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ tí kò ní ìràwọ̀ nídìí dà bí aṣọ tí a kò ṣẹ́ etí rẹ̀. Bí a bá sì ń jẹ púpurú, ọwọ́ ọ̀tún wọn á máa bu òkèlè, ọwọ́ òsì wọn á máa tẹ ohun tí o ń sọ sórí ìró wọn. Mo máa ń wo àwọn ìka yẹn kí n lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù. Ó sábà máa ń pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ mí ní Ẹ̀lúlùú, ẹyẹ tí kì í gbẹ́nu dákẹ́ nígbà òjò. Nínú gbogbo ayé, àwọn nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dá Túndé, àbígbẹ̀yìn wọn, ló gbé kọ̀ǹpútà dé láti ìlú òyìnbó ní bíi ọdún 1996, pẹ̀lú àwọn díísìkì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi rọ́bà dì. Nígbà yẹn, àwọn ilé ìtẹ̀wé méjì kan ní ìlú ti ní kọ̀ǹpútà tó kún fún àwòrán mèremère. Ti Bọ̀dá Túndé kò ní àwòrán kankan. Ojú rẹ̀ dúdú bíi pátákó ilé ìwé, lẹ́tà funfun ló wà lára rẹ̀. Wọ́n ní ìran Unix ni, ẹni tó bá fẹ́ kó ṣe nǹkan, kó tẹ àṣẹ kúkúrú fún un. Bàbá mi wò ó, wọ́n ní ṣé Túndé kò rówó ra èyí tó ní àwòrán ni.

Ọjọ́ kìíní tí Ìyé Àgbà jókòó sídìí rẹ̀, Bọ̀dá Túndé ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ìwé kan. Wọ́n tẹ àṣẹ náà, wọ́n tẹ bọ́tìnnì ńlá, wọ́n sì dúró. Ẹ̀rọ náà kò sọ nǹkankan. Ó kàn sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà tó kàn.

"Ṣé ó gbọ́?" ni Ìyé Àgbà wí.

"Ó ti ṣe é, Màmá. Bí ó bá ti ṣe iṣẹ́ tán, kì í sọ̀rọ̀. Ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan ló máa ń pariwo."

Ìyé Àgbà yí ojú sí mi díẹ̀díẹ̀. Mo ti mọ̀ pé ó ti di tèmi. "Ẹ̀lúlùú, ó gbọ́, ó ṣe é, ó dákẹ́. Wo ẹni tí ó yẹ kí n bí."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ yẹn ti di ará ilé. Wọ́n fi aṣọ ìnura funfun bò ó bíi pé òtútù lè mú un. Wọ́n ní inú rẹ̀ jẹ́ agboolé, pé ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní yàrá tirẹ̀ níbẹ̀, òótọ́ sì ni, nítorí Bọ̀dá Túndé ti la yàrá fún gbogbo wa, àti fún bàbá mi tí kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ìwé tí a bá tẹ sínú rẹ̀, fáìlì ni, inú yàrá ni fáìlì ń gbé. Ìyé Àgbà ló ni kọ́kọ́rọ́ àgbà, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan tí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè fi wọ yàrá gbogbo wa. Wọ́n ní àwọn kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí àwọn fi máa kú.

Àṣà ìràwọ̀ wọn ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n fẹ́ pa ìwé kan tí kò wúlò mọ́ rẹ́. Wọ́n tẹ rm, ìyẹn àṣẹ ìparẹ́, wọ́n tẹ orúkọ ìwé náà, ọwọ́ wọn sì ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ìgbà èwe: ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ìràwọ̀ parí iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ẹ̀rọ yẹn ti dorí kodò báyìí. Lójú rẹ̀, ìràwọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. "Gbogbo ohun tó wà níbí" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́, ó ṣe é, ó dákẹ́. Ìwé ìsìn ìgbéyàwó kan tó yẹ kó wáyé ní Ìrẹ̀lẹ̀ lọ́jọ́ kejì wà nínú ohun tó lọ.

Ìyá ìyàwó jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti ọ̀sán, ó ń fi gèlè fẹ́ra, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé Ìyé Àgbà padà sídìí táípù àtijọ́ tí wọ́n ń tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Èmi ń wá ibi tí ẹ̀rọ ń da ìdọ̀tí sí, kí n lè ṣa ìwé náà jáde. Bọ̀dá Túndé ní èyí kò ní àkìtàn, ohun tó bá ti lọ, ó ti lọ. Wọ́n wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé àwọn lè kọ́ ọ kó máa béèrè, "Ṣé ó dá ọ lójú?" kó tó pa nǹkan rẹ́.

Ìyé Àgbà, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, gbójú sókè. "Mi è fẹ́," ni wọ́n wí ní Ìkálẹ̀ ponbele. "Ẹni tó bá ń bi mí pé ṣé ó dá mi lójú, òun ni kò dá lójú."

Ẹ wá jẹ́ ká dé ibi ìjà, nítorí ẹni tí kò bá mọ ìjà wọn kò tíì mọ̀ wọ́n.

Ọjọ́ pẹ́ tí Ìyé Àgbà ti ń kó orin Ìkálẹ̀ jọ fún Ẹgbẹ́ Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Òmíràn, àwọn ló dá a. Òmíràn, ẹnu àwọn obìnrin ìlú Àjàgbà ni wọ́n ti gbọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti ń fọ èkùrọ́. Lẹ́yìn wàhálà ìràwọ̀ yẹn, wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo nínú yàrá wọn, orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ orin, láìsí àmì ohùn, nítorí ẹ̀rọ kò gba àmì. Wọ́n ní ọjọ́ Ìkórè ni ẹgbẹ́ yóò kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ìyẹn nìkan ni nǹkan tí mo rí tí wọ́n fẹ́ tọkàntọkàn. Gbogbo èyí tó kù, wọ́n ń fi ṣeré ni.

Àlùfáà wa nígbà náà jẹ́ ọmọ apá Ọ̀ṣun, ẹni jẹ́jẹ́, tó ń fi sítáàṣì mú kọ́là ọrùn rẹ̀ le. Wọ́n ní orin ilé Ọlọ́run gbọ́dọ̀ jẹ́ Yorùbá tó já geere. Níbi tí Ìyé Àgbà kọ "ulí Olúwa" sí, wọ́n fẹ́ kí ó di "ilé Olúwa". Níbi tí "ghan" wà, wọ́n fẹ́ "wọn". Wọ́n wá sílé pẹ̀lú akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí Ìyé Àgbà jẹ́ kí akọ̀wé tún fáìlì náà ṣe. Ìyé Àgbà ní kò burú, wọ́n sì fún wọn ní àga àti omi tútù.

Akọ̀wé ṣí fáìlì náà, ó kà á, ó yí "ulí" padà. Nígbà tó fẹ́ fi pamọ́, ẹ̀rọ tí kì í sọ̀rọ̀ pariwo pé kò gbà. Ó tún un ṣe, kò gbà. Àlùfáà bá béèrè ohun tó fà á.

Bí ẹ̀rọ yẹn ṣe rí nìyẹn: ẹnikẹ́ni tó bá ní fáìlì lè sọ ohun tí onílé lè ṣe sí i, ohun tí ará ilé lè ṣe, àti ohun tí àlejò lè ṣe. Ìyé Àgbà ti ṣètò tiwọn kí omi tútù tó dé. Wọ́n fi ọwọ́ kan èjìká Àlùfáà bíi ìyá tó ń rẹ ọmọ. "Àlùfáà mi, àlejò lè wo ọbẹ̀. Àlejò kò gbọdọ̀ ti ṣíbí bọ̀ ọ́."

Àlùfáà kò bínú níwájú wọn. Bàbá mi ni wọ́n lọ bá. Bàbá mi ni wọ́dìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì jẹ́ ẹni tí ìtìjú máa ń tètè mú. Ìyá àwọn kò gbọdọ̀ di ọ̀rọ̀ àwùjọ, ni wọ́n ń sọ kiri nínú ilé. Wọ́n pinnu pé bí orin náà kò bá sí mọ́, ìjà náà kò ní sí mọ́. Ní ọ̀sán Sátidé tó ṣáájú Ìkórè, nígbà tí Ìyé Àgbà lọ bá àwọn obìnrin Àjàgbà dán orin wò, bàbá mi wọ yàrá iwájú. Mo wà níbẹ̀, mo ń gé ìwé. Wọ́n jókòó sídìí ẹ̀rọ bí ẹni tó jókòó síwájú adájọ́. Wọ́n tẹ kọ́kọ́rọ́ àgbà, ó sì ṣí.

"Bàbá mi, ta ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún yín?" ni mo bi wọ́n.

"Orúkọ bàbá wa ni. Kí ni màmá tún máa fi ṣe kọ́kọ́rọ́ bí kò ṣe ọkọ wọn?"

Wọ́n tẹ rm orin. Ẹ̀rọ dákẹ́. Bàbá mi kò mọ ìwà rẹ̀, wọ́n rò pé kò ṣe é, wọ́n tún un tẹ̀. Ìgbà yìí ni ó pariwo pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo rí i tí ojú wọn yí padà, bíi ti ẹni tó ti pa ẹran tán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun kò lè wo ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gé ìwé tó wà lọ́wọ́ mi wọ́.

Nígbà tí Ìyé Àgbà dé, mo sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú omijé. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n béèrè bóyá púpurú ti délẹ̀. Wọ́n jẹun. Ìka ọwọ́ òsì wọn kò tilẹ̀ mira lórí ìró. Mo rò pé ìbànújẹ́ ti gbé wọn ni.

Ní ọjọ́ Ìkórè, lẹ́yìn ìwàásù, Ẹgbẹ́ Ìyá dìde. Ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ìwé tuntun lọ́wọ́. "Ulí Olúwa" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi di àga iwájú mú. Nígbà tí wọ́n dé orin àwọn afọ̀kùrọ́, ẹsẹ̀ Àlùfáà ti ń lu ilẹ̀ lábẹ́ ẹ̀wù funfun. Kí orin náà tó parí, Àlùfáà ti wà láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n ń jó, wọ́n sì ń pe "ghan" bí ẹni tí a bí sí Òkìtìpupa.

Nígbà tí a délé, bàbá mi dọ̀bálẹ̀. "Ẹ forí jì mí, Màmá. Ṣùgbọ́n mo pa á rẹ́. Ṣé ẹ̀dà ni ẹ ti ṣe ni?"

"Éè ṣe ẹ̀dà," ni Ìyé Àgbà wí. "Mo sọ ọ́ lórúkọ ni."

Ohun tí wọ́n ṣe rèé. Nínú ẹ̀rọ yẹn, orúkọ kọ́ ni fáìlì. Orúkọ kàn ń júwe ibi tó wà ni. Àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ ln, tí a lè fi fún fáìlì kan ṣoṣo ní orúkọ tó pọ̀, nínú yàrá tó yàtọ̀ síra. Bí o bá tún un ṣe lábẹ́ orúkọ kan, ó ti tún ṣe lábẹ́ gbogbo wọn, nítorí ọ̀kan náà ni. Bí o bá pa orúkọ kan rẹ́, orúkọ nìkan lo pa. Ìgbà tí èyí tó kẹ́yìn bá lọ ni fáìlì tó lọ. Bọ̀dá Túndé ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, àwa sì ti gbàgbé. Ìyé Àgbà kò gbàgbé, nítorí wọ́n ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ gan-an nìyẹn: ìyá bàbá á sọ ọmọ ní tirẹ̀, ìyá ìyá á sọ ọ́ ní tirẹ̀, ọmọ kan náà ló wà lórí ẹsẹ̀. Bí a bá tẹ ls -l, àṣẹ tó ń to àwọn fáìlì inú yàrá jáde, ẹ̀rọ a máa fi iye orúkọ tí fáìlì kọ̀ọ̀kan ní hàn. Bàbá mi kò wo ibẹ̀.

Wọ́n ti sọ orin náà ní orúkọ nínú yàrá Bọ̀dá Túndé. Wọ́n sọ ọ́ ní elulu nínú yàrá mi. Nínú yàrá bàbá mi fúnra wọn, wọ́n sọ ọ́ ní pupuru, nítorí bàbá mi jí púpurú jẹ nígbà èwe títí wọ́n fi sùn lọ sínú ìkòkò.

"Mo rí i!" ni bàbá mi kígbe. "Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń sè é ni!"

Ìyé Àgbà rẹ́rìn-ín títí awò fi já bọ́. Wọ́n wá fi ọwọ́ kan orí bàbá mi nílẹ̀ níbẹ̀. "Ọmọ tí gbogbo ilé bá sọ lórúkọ, ẹnì kan kò lè pa á."

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ sí Èkó, iṣẹ́ sì dì mí mú. Mo máa ń sọ pé mo ń bọ̀, n kì í wá. Bí mo bá pe fóònù ilé pósítì tí wọ́n sì ránṣẹ́ pè wọ́n, wọ́n á ní, "Ẹ̀lúlùú, yàrá rẹ ti ń ta okùn aláǹtakùn." N kò mọ̀ pé ti inú ẹ̀rọ ni wọ́n ń sọ. Àìsàn mú wọn ní òpin ọdún 1999. Bọ̀dá Túndé sọ pé ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kú, Ìyé Àgbà ní kí ará ilé gbé àwọn sídìí ẹ̀rọ, wọ́n tẹ nǹkan díẹ̀, wọ́n sì ní kí ará ilé gbé àwọn padà sórí ibùsùn.

Mo délé ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Àwọn obìnrin Ẹgbẹ́ Ìyá ti kún ẹnu ọ̀nà. Ìyá Àjàgbà, tó jẹ́ olórí wọn, ní Ìyé Àgbà ti sọ fún àwọn pé orin tí àwọn yóò fi sin òun wà nínú fáìlì, pé òun ti fi kún un, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ orin mìíràn.

Bọ̀dá Túndé tan ẹ̀rọ. Orin kò sí nínú yàrá Ìyé Àgbà. Bọ̀dá Túndé wo yàrá tiwọn, kò sí. Wọ́n wo yàrá bàbá mi, pupuru kò sí. Bọ̀dá Túndé yíjú padà pẹ̀lú ẹ̀sùn lójú.

"Bọ̀dá, ẹ tún ti ṣe é?"

"Mo fi Ọlọ́run búra!" Bàbá mi ti fẹ́ sunkún. "Láti ọjọ́ yẹn, n kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kan!"

Mo wọ yàrá mi. Elulu wà níbẹ̀. Níwájú rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fi iye orúkọ hàn, ọ̀kan ṣoṣo ló kọ. Wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn pa gbogbo orúkọ yòókù rẹ́, wọ́n sì fi èyí tó kù há mi lọ́wọ́, nínú ẹ̀rọ tí kò ní àkìtàn, tí kì í béèrè. Mo ṣí i. Orin tó kẹ́yìn rèé, mo kọ ọ́ ní èdè ilé ìwé, kí wọ́n dárí jì mí:

Ẹ fọ àwo kẹ́ ẹ tó sunkún mi.
Ẹni tó pa orin rẹ́, òun ni kó pọnmi.
Ẹni tó ní òun ń bọ̀, ẹ fún un ní àga:
ó ti dé.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Èmi kò lè rí bọ́tìnnì mọ́. Ìyá Àjàgbà ń kanlẹ̀kùn, ó ń béèrè bóyá a ti rí i. Mo fẹ́ sọ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kó tẹ̀ ẹ́ jáde, àmọ́ bàbá mi di ọwọ́ mi mú.

"Dúró. Kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ. Kí o tó ṣe nǹkankan, sọ ọ́ lórúkọ."

Mo tẹ ln, mo tẹ elulu, mo wá ronú orúkọ tó kàn. Nínú ilé tí ìyá àgbà bá ti kú, kò sí ẹni tí kì í mọ orúkọ ọmọbìnrin tó bá tẹ̀ lé e. Mo tẹ iyabo.

Ẹ̀rọ náà kò sọ nǹkankan. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, à ń wò ó lójú, títí a fi rántí pé ó ti gbà.